Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Àkọ́kọ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ọmọlé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọmọlé ní Èkó àti àyíká rẹ̀, láti Ojodù dé Ògbà, láti Agídíngbí dé Agége, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí ọlẹ̀ ń lò nínú ìyá rẹ̀ ni. Bàọ́lọ́jì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo ń rí ní àdúgbò wa kò jẹ́ kí n lè panu mọ́. Mo ń rí ọkọ tó ń bínú sí ìyàwó nítorí ètè ọmọ wọn là. Mo ń rí ọmọbìnrin tó ń gbé oògùn irorẹ́ mì láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń mọ bí ọmọ ṣe ń di ènìyàn. Nítorí yín ni mo ṣe kọ èyí.

1. Ẹ mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Kí obìnrin tó mọ̀ pé òun kò rí nǹkan oṣù, ọlẹ̀ ti lo bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, ọkàn ọlẹ̀ ti ń lù. Ní nǹkan bí ọjọ́ 28, ọ̀pá oníhò tó máa di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ti padé. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ètè ti so pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìka ọwọ́ ti ń yà kúrò lára ara wọn. Àjà ẹnu ló máa ń pẹ́ jù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá kí ó tó padé tán. Ẹ wá wò ó: ọ̀pọ̀ aboyún kì í forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn títí oṣù mẹ́ta fi kọjá. Nígbà náà, ojú ọmọ ti gún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti padé tàbí kò padé. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọlẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lóyún rárá.

2. Ẹ mọ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ń ránṣẹ́ sí ara wọn, àti pé àwọn kan wà tó ń dá iṣẹ́ dúró lọ́nà.

Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ jọra wọn. Báwo ni ọ̀kan ṣe wá ń di awọ, tí èkejì ń di eegun, tí ẹ̀kẹta ń di ọpọlọ? Purotéènì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan á tú purotéènì jáde, purotéènì yìí á rìn dé ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn, á so mọ́ ibi tí wọ́n dá fún un, á sì pàṣẹ: dàgbà, pín sí méjì, di awọ, di eegun, tàbí kú. Èyí tí wọ́n ń pè ní BMP wà lára àwọn tí àṣẹ wọn le jù. Marshall Urist ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní 1965. Ó fọ kálísíọ́mù kúrò nínú eegun, ó fi ohun tó kù sínú ẹran ara, eegun tuntun sì hù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò lè mọ ènìyàn. Bí BMP bá dé ibi gbogbo, awọ ni gbogbo ìta ọlẹ̀ ì bá dà, orí kò ní sí. Nítorí náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń tú purotéènì mìíràn jáde láti pàdé BMP lọ́nà. Ẹ rántí àrokò tí àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ láti ìlú sí ìlú. Bí ẹnì kan bá dá ìránṣẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà, tó fi aṣọ we àrokò rẹ̀ pinpin, ìránṣẹ́ lè dé ààfin o, ṣùgbọ́n ọba kò ní mọ ohun tí wọ́n fi rán an. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni purotéènì tí wọ́n ń pè ní Noggin ń ṣe sí BMP. Ó máa ń dì mọ́ ọn, á bo ibi tí BMP ì bá fi so mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Chordin àti Follistatin náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ibi tí wọ́n bá ti dá BMP dúró ni ọpọlọ àti ẹ̀yìn ti ń hù. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ọpọlọ tí ẹ fi ń ronú lọ́wọ́ báyìí wà nítorí pé ohun kan dá àṣẹ kan dúró lásìkò tó yẹ, níbi tó yẹ.

Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n gùn. Ní Freiburg, ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Hilde Mangold gé ẹyọ kékeré lára ọlẹ̀ newt, ẹran inú omi kan tó jọ alángbá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà ikùn ọlẹ̀ mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí ó lè mọ ti ẹni tó gbà àti ti ẹni tó fún un. Ọlẹ̀ kejì hù lára ti àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ọpọlọ, púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó gbà á lálejò. Ẹyọ kékeré yẹn ti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù sì ti gbọ́. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Hans Spemann, tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1924. Ọdún yẹn náà ni ìjàm̀bá iná pa á nínú ilé rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 26. Ọ̀gá rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1935. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, nítorí náà ni mo ṣe ń rí i pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn.

Ó gbà tó ọdún 68 kí wọ́n tó rí ọ̀kan nínú ohun tí ẹyọ yẹn ń sọ. Ní 1992, William Smith àti Richard Harland ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, rí Noggin nínú ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n mú ọlẹ̀ tí wọ́n ti fi ìtànṣán bà jẹ́ tí kò lè ní ẹ̀yìn mọ́, wọ́n fi àṣẹ Noggin sínú rẹ̀, ẹ̀yìn àti orí sì padà wá. Nígbà tí wọ́n fi púpọ̀ sí i, orí nìkan ló tóbi, ara kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n rí Chordin ní ilé ìwádìí Edward De Robertis ní Los Angeles.

3. Ẹ má fojú kéré ohun tó wà lẹ́sẹ̀ yín.

Ọ̀pọ̀lọ́ tí mo ń sọ yìí, ará Áfíríkà ni. Ìran rẹ̀ kan wà ní gúúsù Áfíríkà. Olùwádìí Lancelot Hogben ló fi mọ̀ ní àwọn ọdún 1930 pé bí a bá fi ìtọ̀ aboyún gún un lábẹ́rẹ́, yóò yé ẹyin kí ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ìwòsàn fi ń lo ọ̀nà yìí láti mọ̀ bóyá obìnrin lóyún. Ìran kejì kéré sí i, tiwa gan-an ni: Xenopus tropicalis, tó ń gbé inú omi nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé Kamẹrúùnù. Ẹ óò fi èékánná dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dá a mọ̀. Ó máa ń tètè dàgbà ju ti gúúsù lọ, ẹ̀dà méjì péré ni ó sì ní nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan, bíi tiwa; ìyẹn ni àwọn olùwádìí ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ní 2005, Mustafa Khokha, Harland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pa ẹnu Noggin, Chordin àti Follistatin mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tiwa yìí. Bí wọ́n bá dá ọ̀kan ṣoṣo lẹ́kun, àwọn yòókù ń dí àlàfo rẹ̀, ohun tó ń bàjẹ́ kò pọ̀. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí mọ́, orí kò sí, ọpọlọ kò sí, ẹ̀yìn kò sí; ìhà ikùn gba gbogbo ara. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì ọ̀pọ̀lọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé, ní 2010, òun yìí ni wọ́n kà, ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Nàìjíríà sì ni wọ́n lò. Nigerian ni wọ́n ń pe ìdílé náà ní àwọn ilé ìwádìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì LASU tàbí UNILAG, ẹ ronú sí i. Ẹ̀dá tó ti inú omi wa lọ ló ń kọ́ gbogbo ayé bí orí ṣe ń di orí. Nígbà tí ẹ bá ń rí i tí wọ́n ń fi yanrìn dí ẹrẹ̀ àti àbàtà ìhà Ìṣẹ̀rí láti kọ́lé, ẹ béèrè ohun tó ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó dí i.

4. Ẹ wo ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ̀ pọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìka adìyẹ yà, ti pẹ́pẹ́yẹ so pọ̀ pẹ̀lú awọ. Nínú ẹyin, àwọn méjèèjì ló ní awọ láàárín ìka. BMP ló ń pàṣẹ pé kí awọ ti adìyẹ kú kúrò. Ti pẹ́pẹ́yẹ ní purotéènì kan tó ń jẹ́ Gremlin láàárín ìka, ó ń dá BMP dúró, awọ náà sì ń yè. Ní 1999, wọ́n fi Gremlin sí àárín ìka ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, awọ rẹ̀ kò sì kú mọ́. Ìka tiyín náà la ọ̀nà yìí kọjá.

5. Ẹ mọ̀ pé àpọ̀jù àti àìtó, kò sí èyí tó dára.

Noggin ń ṣiṣẹ́ ní oríkèé pẹ̀lú. Ibi tí ìka ti ń ṣẹ́po, ó yẹ kí a dá àṣẹ eegun dúró níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eegun á so mọ́ eegun. Ní 1999 ni wọ́n rí i pé àwọn ìdílé kan tí ìka wọn kò lè ṣẹ́po ní àbùkù nínú jíìnì Noggin. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í gbọ́ràn dáadáa, nítorí eegun kékeré inú etí kò lè mì.

Ní Gúúsù Áfíríkà, láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní Afrikaner, àìsàn kan wà tí eegun fi ń nípọn láìdúró. Agbárí á nípọn títí á fi máa fún iṣan ojú àti etí, ìka ẹni tó ní in sì sábà máa ń so pọ̀. Ní 2001 ni wọ́n mọ ohun tó fà á. Purotéènì kan tó ń jẹ́ sclerostin, tí eegun fúnra rẹ̀ ń tú jáde láti fi dá àṣẹ ìdàgbà kan dúró, kò sí nínú wọn. Láti inú ìyà àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni oògùn ti wá fún àwa àgbàlagbà tí eegun wa ń rọ: oògùn tó ń pa ẹnu sclerostin mọ́ díẹ̀. Amẹ́ríkà àti Jàpáànù fọwọ́ sí i ní 2019.

6. Ẹ má ṣe dá ìyá lẹ́bi láé.

Ìmọ̀ràn yìí ló mú mi gbé báírò. Ní gbogbo ayé, bí ọmọ kan nínú 700 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú ètè tàbí àjà ẹnu tó là. Ojú wa ń ti apá púpọ̀ wá: ti ọ̀tún ń bọ̀, ti òsì ń bọ̀, ti àárín ń sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tó pàdé lábẹ́ imú. BMP, Noggin àti ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ mìíràn ló ń darí ìpàdé yìí, ìdíwọ́ kékeré ló sì lè mú kí ó yẹ̀. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Bonn, ní Jámánì, rí i pé ìyàtọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì Noggin máa ń pọ̀ sí i lára àwọn tí ètè wọn là. Azeez Butali, oníṣègùn eyín ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní UNILAG tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Iowa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wasiu Adeyemo ní ilé ìwòsàn LUTH, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Gáná àti Ethiópíà kó itọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní 3000 jọ. Ní 2019 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Wọ́n rí ibi tuntun méjì nínú jíìnì ọmọ Áfíríkà tó jẹ mọ́ àjà ẹnu tó là. Ẹ fọkàn sí i pé ti ìyá àti ti bàbá ni jíìnì, kò sí ẹni tó yan tirẹ̀ lọ́jà.

Àwọn ìyá wa máa ń kìlọ̀ fún aboyún pé kó má rìn ní ọ̀sán gangan, kó fi abẹ́rẹ́ há aṣọ. Ìfẹ́ ló bí ìkìlọ̀ náà, n kò sì ní fi ṣẹ̀sín. Ohun tí n kò gbà ni kí wọ́n fi ìkìlọ̀ yìí ṣe ẹjọ́ nígbà tí ọmọ bá dé, pé ìyá rẹ̀ rìn ní àsìkò tí kò yẹ, pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ nínú rẹ̀. Àwọn baba wa kan náà ló sọ pé Ọbàtálá ń mọ ọmọ nínú, tí wọ́n sì ń pe ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ ní ẹni òrìṣà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ di èyí mú.

7. Ẹ lo folic acid kí oyún tó dé.

Ìwọ̀n 0.4 miligíráàmù lójoojúmọ́, ó kéré tán oṣù kan kí oyún tó dé, títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ìwádìí ńlá kan tí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn Ìlú Ọba tẹ̀ jáde ní 1991 fi hàn pé fún àwọn obìnrin tó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé rí, folic acid dín in kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílò ìwọ̀n tó pọ̀ ju 0.4 lọ fíìfíì, dókítà ni kó sọ iye rẹ̀ fún un. Hóró rẹ̀ kò wọ́n ní kẹ́mísì. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dára, ẹ máa jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n rọ́pò hóró náà. Búrẹ́dì Agége pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn kò tó.

8. Ẹ ṣọ́ ewé, ẹ ṣọ́ hóró, ẹ ṣọ́ èéfín.

Mo mọ̀ pé àgbo wà nílé púpọ̀ nínú yín, mo sì ti mu àgbo rí. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí ná. Ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, àwọn darandaran ń rí ọ̀dọ́ àgùntàn tó ní ojú kan ṣoṣo láàárín iwájú orí. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba wádìí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950 títí wọ́n fi rí ewé kan, Veratrum californicum. Àgùntàn tó bá jẹ ewé yìí ní ọjọ́ kẹrìnlá oyún ló ń bí ọmọ olójú kan. Ohunkóhun kì í sábà ṣe àgùntàn náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé oró inú ewé náà ń dí etí sẹ́ẹ̀lì sí purotéènì kan tó ń jẹ́ Hedgehog, èyí tó ń pín ojú sí méjì. Ewé tó wo ibà sàn fún ọkọ lè ṣe ohun mìíràn fún ọlẹ̀ inú aya, ẹni tó sè é kò sì ní mọ̀.

Hóró náà ń bẹ. Wọ́n ta thalidomide ní Jámánì láti 1957 gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun tí kò léwu, wọ́n sì ń fún aboyún tó ń bì. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní òpin 1961, ó ju 10,000 ọmọ lọ tó ti fara gbá a, púpọ̀ nínú wọn láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Lóde òní, isotretinoin tí wọ́n fi ń wo irorẹ́ ń ba ojú, etí àti ọkàn ọlẹ̀ jẹ́. Bí àwọn oògùn wárápá kan ṣe rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá oògùn wárápá dúró fúnra yín. Ẹ lọ bá dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀ kí oyún tó dé. Ọtí pẹ̀lú, paraga pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ lọ́nà Ọba Àkran, Ògbà àti Agídíngbí, tí ẹ ń fa èéfín tínà àti gúlúù láti àárọ̀ dé alẹ́: bí ẹ bá ń gbèrò oyún, ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n gbé yín sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ẹ má fi ìbéèrè yẹn lé ẹnikẹ́ni kúrò níṣẹ́. Ọmọ yín ni.

9. Bí ọmọ bá dé pẹ̀lú ètè tó là, ẹ gbé e jáde.

Ẹ má fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, nítorí ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là kì í lè fa ọmú dáadáa. Ẹ gbé e jókòó díẹ̀ bí ẹ bá ń fún un lóúnjẹ, kí nọ́ọ̀sì sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ṣíbí tàbí ife bọ́ ọ. Láti Ọmọlé, ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkejà kò jìnnà, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n máa ń tún ètè ṣe nígbà tí ọmọ bá tó bí oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ le. Ti àjà ẹnu sábà máa ń jẹ́ láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí oṣù 18, kí ọ̀rọ̀ tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ́ Smile Train, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ń san owó iṣẹ́ abẹ yìí ní àwọn ilé ìwòsàn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ má baà lọ yá owó elé.

10. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ẹ wá ẹyin adìyẹ tí àkùkọ ti gùn, kì í ṣe ti inú kíréètì ọjà. Ẹ fi í sábẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ẹ pa iná yàrá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin náà. Ẹ óò rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta ká bí ẹ̀ka igi, ẹ óò sì rí àmì dúdú tó jẹ́ ojú. Púpọ̀ nínú ìránṣẹ́ tí mo dárúkọ wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀ kíákíá kí ó má tutù. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sára èèpo rẹ̀, ẹ má lo báírò, nítorí yíǹkì lè gba inú èèpo wọlé.